Òrí, Ẹ̀wà àti Ẹ̀wọ̀n Òwò Àgbáyé

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ òrí. Òun ni àwọn ìyá wa fi ń para fún ọmọ nígbà ọyẹ́, òun náà ni a fi ń wọ́ ẹsẹ̀ tí ó bá rọ́. Ohun tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé òrí yìí kan náà wà nínú ìpara olówó gọbọi àti nínú àwọn ṣokoléètì kan tí ó ń ti òkè òkun wọlé. Ta ni ó ń jèrè rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò.

Kí ni ẹ̀wọ̀n òwò àgbáyé?

Láyé òde òní, kì í sábà jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń ṣe ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ a máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn, bí orúka ẹ̀wọ̀n tí ó kọ́ ara wọn. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ń bu iye kún ọjà náà, ó sì ń gba èrè tirẹ̀.

Ẹ wo òrí. Àwọn obìnrin a ṣa èso rẹ̀ ní agbègbè Ṣakí, ní ìpínlẹ̀ Kwara àti ní ìpínlẹ̀ Niger tí ó múlé ti Àbújá. Wọn a sè é, wọn a sá a, wọn a fọ́ ọ kí wọ́n lè rí kóró inú rẹ̀. Alárobọ̀ a ra kóró náà jọ, ó di òkè òkun. Àwọn ilé-iṣẹ́ bí irú èyí tí ó wà ní Denmark àti Sweden a fún òróró rẹ̀, wọn a sì tà á fún àwọn oníṣokoléètì. Láti ọdún 2000 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti gbà pé òróró òrí àti irú rẹ̀ mélòó kan lè kó ìdá 5 nínú 100 ṣokoléètì.

Níbo ni a wà?

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi òfin de kíkó kóró òrí jáde fún oṣù mẹ́fà. Igbákejì rẹ̀, Kashim Shettima, ṣàlàyé ní Àbújá pé Nàìjíríà ń pèsè nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 òrí àgbáyé, ṣùgbọ́n ìdá 1 péré ni ó ń rí nínú ọjà tí iye rẹ̀ tó bílíọ̀nù 6.5 dọ́là. Orúka àkọ́kọ́ nìkan ni a dì mú, ibẹ̀ sì ni èrè kéré sí jù.

Òfin náà ní ìdí. Ṣùgbọ́n títi ilẹ̀kùn mọ́ kóró yàtọ̀ sí ṣíṣí ilẹ̀kùn fún òróró. Bí ilé-iṣẹ́ abẹ́lé kò bá lè ra gbogbo kóró tí ó wà nílẹ̀, owó rẹ̀ yóò já, orí obìnrin tí ó ṣa á ni yóò sì fọ́ lé. Nítorí náà, ìrànlọ́wọ́ mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé irú òfin bẹ́ẹ̀.

(1) Àyẹ̀wò ọjà: Ní ọdún 2015, Yúróòpù dá ẹ̀wà Nàìjíríà dúró. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos ni wọ́n bá nínú rẹ̀, láti mílígíráàmù 0.03 dé 4.6 nínú kílò kan, nígbà tí òfin wọn kò gbà ju 0.01 lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá ta ọjà erùpẹ̀, owó òkúta ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, ẹni tí kò fi oògùn kankan sí ẹ̀wà tirẹ̀ náà jìyà, nítorí gbogbo ẹ̀wà Nàìjíríà ni wọ́n tilẹ̀kùn mọ́. Ilé àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ wà nítòsí oko, kí a sì máa kọ ibi tí àpò kọ̀ọ̀kan ti wá sílẹ̀. Àbújá ni olú-ilé-iṣẹ́ NAFDAC wà. Ọ̀nà jìn láti Ṣakí.

(2) Àjọṣe: Oníbàárà òkè òkun ń fẹ́ ọjà púpọ̀, tí ó dọ́gba, tí ó sì dé lásìkò. Obìnrin kan kò lè dá a ṣe, ilé-iṣẹ́ ńlá kò sì lè wọ igbó lọ ṣa èso. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó lè so wọ́n pọ̀: kí wọ́n jọ ní ibi ìsáǹkan, òṣùwọ̀n àti àká.

(3) Owó àti ọ̀nà: Àsìkò òjò ni èso òrí ń jábọ́, oṣù díẹ̀ sì ni. Ilé-iṣẹ́ tí yóò fi gbogbo ọdún ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ra kóró ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yáwó olóṣù mẹ́ta kò lè ṣe é. Irú iṣẹ́ báyìí ni a torí rẹ̀ dá báńkì NEXIM sílẹ̀ ní ọdún 1991. Bákan náà, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà ní oṣù Keje 2019, òwò sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2021. A lè kọ́kọ́ ta ìpara wa fún aládùúgbò.

Kí ni ó kàn wá?

Ẹni tí ó ń kọ́ kẹ́mísìrì lè ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tí ó ń kọ́ ìṣirò owó lè bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tọ́jú ìwé. Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá ńkọ́? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ òfin ìmọ́tótó ọjà, bẹ́ẹ̀ obìnrin tí ó ń se èso lórí iná ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Bí kò bá mọ̀ pé kóró tí kò gbẹ dáadáa yóò bu, iṣẹ́ ti bàjẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni ní Àbújá. Ẹ jẹ́ kí a túmọ̀ òfin wọ̀nyí sí Yorùbá tí ó yé ará oko. Iṣẹ́ wa nìyẹn.