Ọ̀rọ̀ Òkèèrè Tó Wọlé sí Otor-Udu

Ẹni tí ó bá gba orí Afárá Udu kúrò ní Warri, tí ó kọrí sí Otor-Udu, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Udu, ilẹ̀ àwọn Urhobo ni ó wọ̀ yẹn, níbi tí ọmọ tí a bí ire ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà pé "Migwo", tí àgbà yóò sì dáhùn pé "Vrẹndo". Ìjọba ìbílẹ̀ yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ irin ńlá ti Ovwian-Aladja wà, èyí tí àwọn ará Jámánì àti Austria bá wa kọ́, tí Ààrẹ Shehu Shagari sì ṣí ní ọdún 1982. Wọ́n ṣe é kí ó lè máa yọ́ irin tó mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ́dún. Nígbà náà, gáàsì tí ó ń lò wà nítòsí, ṣùgbọ́n òkè òkun ni òkúta irin ti ń wá, dọ́là ni a sì fi ń rà á. Nípa bẹ́ẹ̀, ohunkóhun tí àwọn aláṣẹ bá bá àwọn ayánilówó ayé dì ní àdéhùn, ilé òṣìṣẹ́ irin ní Udu ni ó ń já sí.

Èyí ni ó fi jẹ́ pé ìdùnnú ńlá ni fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, tí ó gba ìjọba ní oṣù kẹjọ ọdún 1985, ní kí tọmọdé tàgbà sọ èrò wọn lórí bóyá kí Nàìjíríà yá nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.5 dọ́là lọ́wọ́ IMF, àjọ ayánilówó àgbáyé. Nínú ìwé ìròyìn, lórí rédíò, ní yunifásítì, ní ìpàdé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ní ibùdókọ̀ àti nínú ọjà, ọ̀rọ̀ owó yìí ni gbogbo ẹnu ń sọ. Àwọn tí kò mọ̀wé rárá sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá yáni lówó ńlá yóò fẹ́ pàṣẹ nínú ilé ẹni. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, àwọn olórí sì ti wí tiwọn: ọ̀pọ̀ jùlọ ní àwọn kò fẹ́. Ní oṣù Kejìlá, ìjọba kéde pé òun ti gbọ́, òun kò ní yá owó náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 1986 fi máa parí, ohun tí IMF ń bèèrè gan-an, pàápàá jù lọ kí owó náírà wálẹ̀, ti wọlé wá lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP. Ó dùn mí títí di òní. Bí a bá pe ará ìlú sí ìgbìmọ̀, tí a sì ṣe òdì kejì ohun tí wọ́n wí, a ti kọ́ wọn pé asán ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn.

Kì í kúkú ṣe asán. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìbàdàn wọ́ lọ sí ilé aṣòfin l'Ékòó láti tako àdéhùn ààbò tí a bá Gẹ̀ẹ́sì dì. Ní oṣù Kìíní ọdún 1962, ìjọba fagi lé àdéhùn náà. Ní ọdún 2023 pẹ̀lú, nígbà tí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ń halẹ̀ ogun mọ́ àwọn ológun tí wọ́n gba ìjọba ní Niger, àwọn àgbà ìhà Àríwá, àwọn àlùfáà Mùsùlùmí àti ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù figbe ta, Ilé Aṣòfin Àgbà sì rọ Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú pé kí ó wá ọ̀nà àlàáfíà. Ogun náà kò wáyé.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ awo ni ọ̀rọ̀ ìlú sí ìlú, a kì í sọ ọ́ láàárín ọjà. Òótọ́ ni pé bí a ti ń dúnàádúrà lè jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n ẹrù tí a óò gbé kò lè jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í sì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 tilẹ̀ wí ní abala kejìlá pé àdéhùn pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè kò lè di òfin láìjẹ́ pé àwọn aṣòfin àpapọ̀ sọ ọ́ di òfin. Nítorí náà, kí aṣojú tí Udu rán sí Abuja tó fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó wá sí gbọ̀ngàn ní Otor-Udu, kí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní èdè Urhobo, kí ó sì sọ ohun tí yóò ná wọn àti ẹni tí yóò jèrè rẹ̀.