Ta Ló Láṣẹ Láti Ti Ilé Àwọn Sístà Pa?

Bí àwọn Sístà bá ń darúgbó nínú kọ́fẹ́ńtì kan, tí ọ̀dọ́ kò sì wọlé mọ́, ìbéèrè méjì máa ń dìde: ta ni yóò ti ilé náà pa, ta ni yóò sì jogún rẹ̀? Òfin Ìjọ Àgùdà ti 1983 dáhùn.

Èkínní, bíṣọ́ọ̀bù kọ́ ló ń ti ilé pa. Òfin 616 fún olórí àgbà ẹgbẹ́ àwọn Sístà ní àṣẹ náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ jíròrò. Bí ilé kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà ní, Róòmù nìkan ló lè tì í. Bákan náà ni ilé àwọn Sístà aládùúrà tí kì í jáde, tí wọ́n dá dúró fúnra wọn. Ìlànà Róòmù ti 2018 sọ pé bí àwọn tó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìkẹyìn níbẹ̀ bá ku 5, wọn kò lè dìbò yan olórí mọ́.

Èkejì, títi ilé pa kò já ẹ̀jẹ́ Sístà. Ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣì jẹ́.

Ẹ̀kẹta, òfin ẹgbẹ́ náà ni yóò sọ ibi tí dúkìá ń lọ, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ ẹni tó fi í tọrẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ilẹ̀ tọrẹ, kí ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún tí mo lò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kọ́ mi pé fáìlì tí kò ní ìwé nínú, ẹjọ́ ló ń bí.

Ẹ̀kẹrin, kíkéré kì í ṣe ikú. Òfin 120 sọ pé bí ó bá ku ẹnì kan péré, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀tọ́ ẹgbẹ́ wà. Ẹ wo àwọn Fadá SMA. Bíṣọ́ọ̀bù de Brésillac dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Lyon ní 1856. Ní oṣù kẹfà 1859, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú ní Freetown. Fadá Planque, tó wà ní Lyon, kò jẹ́ kí ó tú ká. Ní 1861, Fadá Borghero gúnlẹ̀ sí Ouidah. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn ti dé Èkó.

Ǹjẹ́ ìwé òfin ẹgbẹ́ tiwa sọ ibi tí dúkìá wa yóò lọ bí a bá kù díẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí á sì mú àwọn ọmọ wá sí ìpàdé. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.