Ó Jọra Kò Tó: Bí Páàtì Ṣe Ń Bára Mu ní Abossey Okai

Ní Abossey Okai, ọjà páàtì ọkọ̀ tó gbajúmọ̀ jù ní Accra, oníbàárà tó gbọ́n kì í wá lọ́wọ́ òfo. Á ti di páàtì tó bàjẹ́ sínú ọ̀rá, òróró dúdú á ṣì máa kán nídìí rẹ̀, á sì gbé e kalẹ̀ síwájú ẹni tó ń tajà kí wọ́n tó kíra tán. Ọ̀gá onísọ̀ á yí páàtì náà síwá sẹ́yìn, á ka ihò ara rẹ̀, á fi àtàǹpàkò wọn ibi tí bóòtù ń gbà wọlé. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ lọ.

Ẹni tí àwa ń pè ní mẹkáníìkì, fítà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Orúkọ tiwọn yìí sún mọ́ òótọ́ ju tiwa lọ, torí mímú nǹkan wọ ara wọn ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Páàtì tí wọ́n ti lò nílẹ̀ òkèèrè ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: a ń pè é ní tòkunbọ̀, wọ́n ń pè é ní “home used”. Lọ́pọ̀ ìgbà kò sí páálí, ká má tiẹ̀ sọ ìwé.

Ojú sì máa ń tanni jẹ. Ẹ wo iná iwájú. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1974 ni Ghana kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Nàìjíríà ti ṣe tirẹ̀ ní 1972. Ìlú Ọba àti Jàpáànì ṣì ń wakọ̀ lápá òsì títí dòní. Iná tí wọ́n tú lára ọkọ̀ kan ní London lè wọ ojú ihò ọkọ̀ Accra wẹ́kú, kí gbogbo bóòtù rẹ̀ dì, kó sì tàn yòò. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀ lápá òsì, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà lọ́dọ̀ tiwọn. Ní Accra, apá òsì yẹn gan-an ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú wà. Ẹni tó ra iná á máa yin fítà rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè ni kò ríran mọ́.

Àwọn kan sì wà tí ojú wọn ò jọra, tí inú wọn jẹ́ ọ̀kan. Pontiac Vibe jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní ìgboro Accra, bẹ́ẹ̀ ni General Motors ti pa orúkọ Pontiac rẹ́ láti ọdún 2010. Síbẹ̀, ọkàn ẹni tó ni ín balẹ̀, nítorí Vibe àti Toyota Matrix jọ jáde láti ara Corolla ni. Ilé iṣẹ́ tí GM àti Toyota dá pọ̀ ní Fremont, California, ló ṣe Vibe. Cambridge ní Ontario, Kánádà, ni wọ́n ti ṣe Matrix. Ẹ́ńjìnnì Matrix wọ̀ ọ́. Bọ́ńpà rẹ̀ kò wọ̀ ọ́.

Bóòtù ló burú jù, nítorí ó kéré, kò sì séni tó ń fura sí i. Méjì lè fẹ̀ ní mìlímítà 10 géérégé, kí tírẹ́ẹ̀dì tó lọ́ yí ọ̀kan ká jìnnà síra ní mìlímítà 1.25, kí ti èkejì jẹ́ 1.5. Á yí wọlé lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, á wá gan. Ẹni tó bá fi agbára mú un ti ba ojú ihò jẹ́ nìyẹn.

Ẹni tó bá rò pé ìṣòro ọlọ́kọ̀ nìkan ni èyí, kó bi àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn to ìbọn ọ̀dà, ìyẹn ìbọn eré paintball. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 1981 ni eré náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọkùnrin 12 wọ igbó ní Henniker, New Hampshire, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi Nelspot 007 wá ara wọn kiri. Àwọn tó ń sàmì sára igi àti màlúù ni wọ́n ṣe ìbọn yẹn fún. Lónìí, oríṣiríṣi ìbọn ọ̀dà ló wà, Autococker, Automag, Spyder, Tippmann, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ èyí tí kò lo bátìrì, ìka kọ́ ló ń yin ọ̀dà. Ìka fa ọwọ́ ìfà, ọwọ́ ìfà ti ìkọ́ kékeré kan. Ìkọ́ yìí ló di òòlù inú ìbọn mú nígbà tí sípíríǹgì ń tì í láti ẹ̀yìn. Tí ìkọ́ bá yẹ̀, òòlù á sáré lu fáàfù, afẹ́fẹ́ á tú, bọ́ọ̀lù ọ̀dà á fò. Ọwọ́ ìfà tó dán gbinrin lè wọ inú ìbọn náà, àmọ́ tí ibi tó ti ń kan ìkọ́ bá fi ìba bíńtín kúrú, èèyàn á fà á títí, òòlù ò ní jáde. Tó bá gùn jù, ṣóńṣó ìkọ́ nìkan ni yóò di òòlù mú, ìbọn sì lè dún fúnra rẹ̀ tó bá ṣubú lulẹ̀. Ìdí nìyí tó fi dára kéèyàn ra ọwọ́ ìfà, ìkọ́ àti píìnì wọn lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan náà, kó sì yọ ìgò afẹ́fẹ́ àti ọ̀dà kúrò kó tó dán an wò. Fífi fáìlì ha ìkọ́ náà kò dára, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà, ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi iná mú le.

Fáìlì yìí ni gbogbo ayé ń lò tẹ́lẹ̀ láti mú páàtì bára mu. Ní 1908, ní Brooklands, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tú Cadillac mẹ́ta palẹ̀, wọ́n da ẹ̀yà wọn pọ̀ mọ́ra, wọ́n tún wọn tò láìha ohunkóhun, ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì sáré 500 máìlì. Ó ya àwọn èèyàn lẹ́nu débi pé wọ́n fi ife ẹ̀yẹ Dewar dá Cadillac lọ́lá. Fítà tó ń fi fáìlì ha irin tó gbé bátìrì ró kò ṣẹ̀. Tó bá jẹ́ bíréèkì ló ń ha, kí ọlọ́kọ̀ gba ọkọ̀ rẹ̀ kó máa lọ.

Láti 1981 ni ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ti ń gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníàmì 17, tí kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀, kí wọ́n má bàa kà wọ́n sí 1 tàbí òdo. Ti ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ìlò Jàpáànì kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tó ń lọ sí Abossey Okai, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ yín kí wọ́n lè fi mọ irú ọkọ̀ tó jẹ́, ẹ gbé páàtì àtijọ́ dání, ẹ má sì jẹ́ kí fítà jù ú nù kí tuntun tó wọlé.