Kí ló dé tí kóòdù Morse kò kú lẹ́yìn tí òfin gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀?

Ní ọdún 2003, àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní ìlú Geneva lábẹ́ ITU, àjọ tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, yọ ohun kan kúrò nínú òfin rédíò. Wọ́n ní kò pọn dandan mọ́ kí ẹni tó fẹ́ máa fi rédíò ìgbì kúkúrú najú ṣe ìdánwò kóòdù Morse kó tó gba láísẹ́ńsì. Kí orílẹ̀-èdè kálukú ṣe èyí tó bá wù ú. Ọdún yẹn náà ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa ìdánwò tiwọn tì. Amẹ́ríkà fi falẹ̀ díẹ̀, àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2007, àwọn náà ti fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà nínú àwọn tó ń fi rédíò najú, àwọn tí wọ́n ń pè ní ham kárí ayé, ló gbà nígbà náà pé òpin ti dé bá Morse. Ẹ̀rù wọn kò ṣàìnídìí: ta ni yóò fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè? Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí òfin ti kúrò níbẹ̀ ni wọ́n dá ẹgbẹ́ CWops sílẹ̀ ní 2010, tí Long Island CW Club sì tẹ̀ lé e ní 2018, àwọn méjèèjì sì ń kọ́ àwọn tuntun ní Morse láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Títí di òní, òpin ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù Kọkànlá kì í kọjá kí ìdíje CQ World Wide ti Morse má kún orí afẹ́fẹ́ fún wákàtí 48. Èrò mi ni pé òfin kọ́ ló gbé Morse dúró látilẹ̀wá. Ohun tó gbé e dúró ni pé ó ń fi agbára díẹ̀ rìn jìnnà, àti pé etí ènìyàn mọ̀ ọ́n gbọ́. Ẹni tó bá fi etí kọ́ ọ yóò rí i pé kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Ìró méjì péré ló wà nínú rẹ̀, èyí tó kúrú àti èyí tó gùn, tí àwọn ham ń pè ní dì àti dáà. Dáà kan gùn tó dì mẹ́ta. Àlàfo tó wà láàárín ìró méjì nínú lẹ́tà kan gùn tó dì kan, ti àárín lẹ́tà méjì gùn tó dì mẹ́ta, ti àárín ọ̀rọ̀ méjì sì gùn tó dì méje. Lẹ́tà E, tí kò sí èyí tó wọ́pọ̀ tó o nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ dì kan ṣoṣo. Q tó ṣọ̀wọ́n jẹ́ dáà-dáà-dì-dáà. Kò sí ohùn ẹnikẹ́ni níbẹ̀: ìgbì kan náà ni wọ́n ń tàn, tí wọ́n ń pa. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í gba àyè púpọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Bí ham kan bá fi ẹnu sọ̀rọ̀ lórí ìgbì kúkúrú, ohùn rẹ̀ á gba nǹkan bí 2,500 Hz. Morse kì í sábà gbà ju 150 Hz lọ. Ẹni tó ń gbọ́ ọ lè fi asẹ́ tí kò fẹ̀ ju 250 Hz lọ sínú rédíò rẹ̀, ìdá kan péré nínú mẹ́wàá ariwo tí ì bá wọlé ni yóò sì ráyè wọlé. Ìyẹn ni wáàtì 5 tí bátìrì kékeré lè gbé fi ń sọdá òkun Atlantic nígbà tí ojú ọ̀run bá gbà á, tí ìgbì náà bá gòkè tó nǹkan bí 300 kìlómítà, níbi tí ìtànṣán oòrùn ti sọ afẹ́fẹ́ di ohun tó lè dá ìgbì padà sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbé e jáde náà kò ní wàhálà. Transistor kan, kírísítàlì kan àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ díẹ̀ tó fún un, ẹni tó bá sì mọ bí a ṣe ń jó irin pọ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó lórí tábìlì.

Ibi kíkọ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Wọn a wá àtẹ tí wọ́n to gbogbo lẹ́tà sí pẹ̀lú àmì tó-tò-tó àti ìlà, wọn a sì há a sórí. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ìró bá dún, ọpọlọ á kọ́kọ́ ka dì mélòó ló kọjá, á tún lọ wo àtẹ tó há sórí, lẹ́yìn náà ló tó dárúkọ lẹ́tà. Bí wọ́n bá ń tẹ ọ̀rọ̀ márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú kan, ó lè rọ́nà gbà. Bó bá di ogún ọ̀rọ̀, dì kan kì í ju ìdá 60 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ, kò sì sí ọpọlọ tó lè ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọmọ àyàn kì í ka iye ìgbà tí kọ̀ǹgọ́ kan awọ kó tó mọ ohun tí dùndún ń wí. Odindi ìró ló ń gbọ́. Bí Morse ṣe yẹ kó wọ etí nìyẹn. Dáà-dì-dáà kì í ṣe ohun mẹ́ta tí a ó rò pọ̀, K ni.

Ìwádìí ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1897 àti 1899, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì láti Indiana, William Lowe Bryan àti Noble Harter, gbé iṣẹ́ wọn jáde lórí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ wáyà. Wọ́n rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ á máa tẹ̀síwájú dáadáa, á sì dé ibì kan tí kò ní lọ síwájú mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Àlàyé wọn ni pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ́ etí lára ná kí etí tó lè máa mú odindi ọ̀rọ̀. Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá mìíràn, Fred Keller, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1958 ó jiyàn pé kò sídìí tí ìdúró-sójú-kan náà fi ní láti bá gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Tèmi ni pé àríyànjiyàn yìí gan-an ló yẹ kó fún ẹni tó ń kọ́ ọ nírètí, nítorí bí ìdúró náà kì í bá ṣe àyànmọ́, a jẹ́ pé ọ̀nà tí a gbà kọ́ ọ lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí ará Jámánì kan, Ludwig Koch, sì gbájú mọ́ ní àárín àwọn ọdún 1930 nìyẹn. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà méjì péré, ṣùgbọ́n kó gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ń yára lójú iṣẹ́; bó bá gba 90 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n fi ẹyọ kan kún un. Ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń pè ní Farnsworth kì í fi lẹ́tà falẹ̀ rárá, àlàfo àárín wọn ló ń fẹ̀ sí i kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mí. Méjèèjì kò fún ènìyàn láyè láti kà, wọ́n sì tọ̀nà.

Àtakò tó wúwo jù ni ti kọ̀ǹpútà. Joe Taylor, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní 1993, àti Steve Franke gbé ètò FT8 jáde ní 2017. FT8 ń gbọ́ ohun tó ti rì sábẹ́ ariwo, tí etí ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí olólùfẹ́ Morse kankan máa sẹ́ ẹ. Ẹni tó bá jẹ́ pé iye orílẹ̀-èdè tó bá pàdé ló jẹ ẹ́ lógún, FT8 ni kó lò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń kọjá láàárín ẹni méjì níbẹ̀: orúkọ ìpè, ibi tí wọ́n wà àti bí ìgbì ṣe lágbára tó, láti inú kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 15. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá fẹ́ sọ láti inú ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 13 lọ lẹ́ẹ̀kan. Nínú Morse, ènìyàn lè béèrè àlàáfíà ilé, kó sọ irú áńtẹ́nà tó nà sórí òrùlé, kó dágbére. Àwọn mìíràn ní kí kọ̀ǹpútà máa bá wa túmọ̀ Morse náà. Ó ń ṣe é bí ìgbì bá mọ́ gaara. Bí ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò bá gún, tàbí tí ẹni méjì bá bọ́ sórí ara wọn, lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú, nígbà tí etí tó ti mọ́ lára á ṣì máa tẹ̀ lé ẹni tó fẹ́ gbọ́.

Mi ò fara mọ́ àwọn tó ń fi ìtàn ewu polówó Morse fún àwọn ọ̀dọ́. Lóòótọ́ ni pé nígbà tí Titanic ń rì ní oṣù Kẹrin ọdún 1912, ìpè tí àwọn òṣìṣẹ́ rédíò rẹ̀, Jack Phillips àti Harold Bride, tẹ̀ ló mú ọkọ̀ Carpathia wá kó ẹni tó lé ní 700. Àmọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1999 ni ètò sátẹ́láìtì àti ẹ̀rọ ìgbàlódé ti rọ́pò Morse pátápátá nínú òfin ààbò ojú òkun. Ẹni tó bá kọ́ Morse nítorí pé ọkọ̀ kan ń dúró de SOS rẹ̀, wọ́n ti tàn án jẹ.

Ìbéèrè kan tún kàn wá tààrà: àǹfààní wo ló ní fún Yorùbá, nígbà tí kò sí àmì ohùn nínú rẹ̀, tí Ọ àti O sì di ọ̀kan? Àléébù gidi ni. Síbẹ̀, ọdún 1886 ni wáyà abẹ́ òkun ti so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù, kóòdù yìí kì í sì í ṣe àlejò nílùú wa. Èdè tí àwọn ham fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ kò sì dúró lé Gẹ̀ẹ́sì nìkan. QTH ni ibi tí mo wà, QRM ni pé ẹlòmíràn ń dí mi lọ́wọ́, 73 ni ìkíni ìdágbére, ará Japan àti ará Brazil tí kò gbédè ara wọn sì ń gbọ́ra yé. Orúkọ ìpè tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, Nàìjíríà ni. TY ni Benin, 5V ni Togo.

Ẹ̀yin tó bá wù, ẹ má lọ wá àtẹ. Ẹ wá ètò ìdánrawò Koch sórí fóònù yín, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti orí K àti M, kí ẹ gbé ìyára rẹ̀ dé ogún ọ̀rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì máa fún un ní ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́. Ìdánrawò kò gba láísẹ́ńsì. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tẹ ìpè yín sórí afẹ́fẹ́ ni kí ẹ lọ gbà á.