Áísì owó pọ́ọ́kú, àmọ́ ìwé àlàyé rẹ̀ ń kó àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ sí ìnáwó

Ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi fóònù tàn tàbí pa láti òkèèrè yóò ti gbọ́ nípa ESP8266. Ilé-iṣẹ́ Espressif ní ìlú Shanghai, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, ló ṣe áísì náà, ọdún 2014 ni òkìkí rẹ̀ sì kàn. Nǹkan bíi dọ́là márùn-ún péré ni wọ́n ń ta pánẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà lórí rẹ̀ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ó ń lo Wi-Fi.

Ìwé àlàyé rẹ̀ ló di wàhálà. Èdè Ṣáínà ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì tó nǹkan. Àwọn tó kàn fẹ́ràn ẹ̀rọ káàkiri ayé ló jókòó túmọ̀ ọ. Ilé-iṣẹ́ náà ti wá kọ ti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà, ìwé ọ̀hún sì pọ̀, ṣùgbọ́n kí ìwé pọ̀ yàtọ̀ sí kó yéni.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọn ẹsẹ̀ áísì yìí. Ẹni tó bá wo àtẹ orúkọ wọn nìkan yóò rò pé òun lè so ohun tó bá wu òun mọ́ GPIO0, GPIO2 àti GPIO15. Àmọ́ bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ mẹ́ta yìí ni áísì náà kọ́kọ́ ń wò. Iná kò gbọdọ̀ sí lórí GPIO15, ó sì gbọ́dọ̀ wà lórí méjì tó kù. Bí kò bá sí iná lórí GPIO0, áísì náà kò ní ṣiṣẹ́, á kàn máa retí kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kó iṣẹ́ tuntun sínú rẹ̀.

Ká ní ẹnì kan ń ṣe ẹ̀rọ tó ń tan pọ́ǹpù omi, tó wá so swíìṣì tó ń léfòó nínú táǹkì mọ́ GPIO0. Lórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ á ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó di ilé oníbàárà, níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Lọ́jọ́ tí iná bá dé nígbà tí omi ti lọ sílẹ̀, tí swíìṣì sì ti pa GPIO0 pọ̀ mọ́ ilẹ̀, ẹ̀rọ kò ní jí. Táǹkì gbẹ, oníbàárà ń pariwo lórí fóònù.

Bó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún pánẹ́ẹ̀lì ló ti tẹ̀ ńkọ́? Kò ṣeé fi rọ́bà pa rẹ́. Yálà kó fi abẹ gé ojú ọ̀nà iná lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó fi wáyà jó òmíràn mọ́ ọn, tàbí kó san owó títẹ̀ àti owó ẹrù lẹ́ẹ̀kejì.

Márùn-ún ni iye tó kéré jù tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ pánẹ́ẹ̀lì ní Ṣáínà ń gbà. Márùn-ún yìí làwọn tó ti jìyà rẹ̀ rí kọ́kọ́ ń bèèrè fún, wọ́n á sì máa pa iná, wọ́n á tún máa tàn án, pẹ̀lú swíìṣì ní ṣíṣí àti ní pípadé, kí wọ́n tó sanwó ọgọ́rùn-ún.