Bọ́nẹ́ẹ̀tì kábọ́ọ̀nù fáíbà: ṣé ó ń ṣe ọkọ̀ láǹfààní ni, àbí oge lásán?

Tí ẹ bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Èkó tàbí Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ọ̀kan: ọkọ̀ funfun tàbí pupa, àmọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ara rẹ̀ sì rí bí ẹní tí wọ́n hun. Kábọ́ọ̀nù fáíbà ni wọ́n ń pè é. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, torí òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tó fi sí ọkọ̀ yóò sọ pé ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ sáré, pé kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, pé epo tí ọkọ̀ ń jẹ sì ti dín kù. Ẹni tí kò ní in yóò ní fáàrí ni. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́, àmọ́ ó kéré gan-an sí bí àwọn tó ń tà á ṣe ń sọ ọ́, ewu kan sì wà níbẹ̀ tí wọn kì í sábà dárúkọ.

Kí ni kábọ́ọ̀nù fáíbà gan-an? Fọ́nrán òwú ni. Òwú àtọwọ́dá kan, ìbátan èyí tí wọ́n fi ń hun súwẹ́tà, ni wọ́n máa ń fi sínú ooru tó ju ìwọ̀n 1,000 Celsius lọ, níbi tí ọ́síjìn ò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó má baà jóná. Ohun tó máa ṣẹ́ kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì kábọ́ọ̀nù. Wọ́n á wá hun fọ́nrán yìí bí ìgbà tí wọ́n ń hun aṣọ òkè, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ohun tó ní ìrísí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù olómi tó ń jẹ́ epoxy rin ín, wọ́n á sì jẹ́ kó gan. Tó bá gan tán, ó le, kò sì wúwo. Tí ẹ bá gé irin àti kábọ́ọ̀nù fáíbà ní ìwọ̀n kan náà, ti irin á wúwo tó bí ìlọ́po márùn-ún.

Orí pápá eré ìje ló ti gba orúkọ. Lọ́dún 1981, McLaren gbé ọkọ̀ Formula One àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù fáíbà ṣe àpótí tí awakọ̀ ń jókòó sí jáde. Lọ́dún yẹn kan náà, níbi ìdíje Monza ní Ítálì, John Watson fi ọkọ̀ náà gbá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì já kúrò lẹ́yìn rẹ̀ pátápátá, àmọ́ Watson bọ́ sílẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe àpótí yẹn láti dáàbò bo èèyàn ni. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀.

Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà ti lò ó fún bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nissan fi sí Skyline GT-R V-Spec II ní Japan lọ́dún 2000. Lọ́dún 2004, Chevrolet fi sí àkànṣe Corvette Z06 kan ní Amẹ́ríkà. Ẹ wá gbọ́ iye tó fi fúyẹ́ ju bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn Z06 yòókù lọ: bíi kílò 5 péré. Lára ọkọ̀ tó wúwo tó kílò 1,400 nìyẹn o, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ló sì ṣe é.

Lóòótọ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì irin ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní, kì í sì í ṣe ti irin ni Corvette yẹn ní tẹ́lẹ̀. Ká wá sọ pé ẹnì kan rí èyí tó dáa gan-an rà, tó sì dín kílò 10 kù. Kílò 10 ni kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 10 kan. Ẹni tó bá gbé irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ kúrò ní bùútù ti ṣe nǹkan kan náà láìná kọ́bọ̀. Tí táǹkì onílítà 50 bá dá sí ìdajì, ọkọ̀ ti fúyẹ́ tó kílò 18. Tí ọ̀rẹ́ kan tó sanra bá sì bọ́ sílẹ̀ l'Ọ́jọ́ta, ìyẹn ti ju bọ́nẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ lọ! Epo tí kílò 10 máa dín kù kò tó ohun tí awakọ̀ lè fojú rí lórí géèjì.

Àǹfààní kan wà níbẹ̀ ṣá. Iwájú ni bọ́nẹ́ẹ̀tì wà, ó sì wà lókè. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì àti gíá rẹ̀ wà níwájú, tó tún jẹ́ pé táyà iwájú ló ń fà á, iwájú rẹ̀ ti wúwo tẹ́lẹ̀, ohunkóhun tó bá sì kúrò níbẹ̀ á jẹ́ kó rọrùn díẹ̀ láti yí kọ́nà. Awakọ̀ eré ìje tó ti yọ sííìtì ẹ̀yìn, tó ti yọ kápẹ́ẹ̀tì, tó ń fi ìṣẹ́jú-àáyá du ipò, á mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Berger ò lè mọ̀ ọ́n.

Ó tún kù síbì kan: ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà kì í ṣe kábọ́ọ̀nù délẹ̀. Fáíbà lásán, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ńpà, ni wọ́n máa ń tẹ́ sísàlẹ̀, tí wọ́n á wá fi aṣọ kábọ́ọ̀nù kan ṣoṣo bò ó lójú. Irú ìyẹn lè wúwo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó irin. Àwọn ọkọ̀ kan sì wà, bíi Subaru WRX STI, tó jẹ́ pé alumíníọ̀mù ni bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn látilẹ̀, tó ti fúyẹ́ tẹ́lẹ̀. Kí èèyàn tó náwó, kó wá mágínẹ́ẹ̀tì, kódà kó jẹ́ ti ìdí sípíkà tó ti bàjẹ́, kó fi kan bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin kọ́ nìyẹn. Èyí tó fẹ́ rà, kó yí i padà kó wo inú rẹ̀, kó sì gbé e lórí òṣùwọ̀n.

Ti ẹ́ńjìnnì tí kì í gbóná ńkọ́? Kábọ́ọ̀nù kọ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì lára, ihò ni. Bọ́nẹ́ẹ̀tì onírin tí wọ́n bá lu ihò sí níbi tó yẹ, lẹ́yìn rédíétọ̀, á ṣe iṣẹ́ kan náà. Ihò tó ń jẹ́ kí ooru jáde yìí náà ló sì ń jẹ́ kí òjò wọlé. Tí omi bá ń kán sórí kọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ewu tó wà níbẹ̀ ló yẹ kó ká àwọn èèyàn lára jù. Bọ́nẹ́ẹ̀tì onírin tó bá ọkọ̀ wá ní àwọn ibi tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó rọ̀. Tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, àárín rẹ̀ á ká sókè, kò ní sún wọ gíláàsì iwájú. Púpọ̀ nínú ti ọjà kò ní èyí. Ti lọ́ọ̀kì tún wà níbẹ̀. Irin kékeré tí lọ́ọ̀kì ń di mú lè jẹ́ pé gọ́ọ̀mù àti fáíbà tín-ín-rín ló mú un dúró. Tó bá já nígbà tí ọkọ̀ ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, afẹ́fẹ́ á gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì náà sókè, á là á mọ́ gíláàsì, awakọ̀ ò sì ní rí iwájú mọ́. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fi píìnì méjì sí i níwájú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àwọn kan rò pé ẹ̀ṣọ́ ni píìnì yẹn. Òun gan-an ló ń di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú tí lọ́ọ̀kì bá kùnà.

Oòrùn náà kì í jẹ́ kó pẹ́. Ìtànṣán rẹ̀ ń ba epoxy jẹ́, klíà tí pẹ́ńtà fọ́n sí i lórí nìkan ló ń gbà á sílẹ̀. Tí klíà bá ti ń bó, bọ́nẹ́ẹ̀tì á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á sì sán. Tí nǹkan bá sì gbá a, kì í tẹ̀ bí irin tí pánẹ́ẹ̀lì-bítà lè fi òòlù nà padà, fífọ́ ló máa ń fọ́. Ẹni tó bá ń fi sáńpépà há a gbọ́dọ̀ bo imú, torí eruku rẹ̀ kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró.

Oge kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìrísí rẹ̀ ló wù ú, sítíkà tó jọ ọ́ wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì irin, kò wọ́n, bọ́nẹ́ẹ̀tì tó bá ọkọ̀ wá á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá ti ra tòótọ́, kó fọwọ́ méjèèjì mi iwájú rẹ̀ dáadáa kó tó wọ márosẹ̀. Tó bá ń mì, tàbí tí kò sí píìnì níbẹ̀, kó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ná.