Ta Ló Nílò Kóòṣì?

Ní ọdún 2011, Atul Gawande, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn The New Yorker. Ó sọ níbẹ̀ pé iṣẹ́ ti mọ́ òun lọ́wọ́, àmọ́ òun rí i pé òun kò tẹ̀ síwájú mọ́. Ló bá bẹ Robert Osteen, àgbà oníṣẹ́ abẹ tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ti kọ́ ọ níṣẹ́ rí, pé kí wọ́n wá wo òun lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá náà kò fọwọ́ kan aláìsàn. Wọ́n ń wò, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ máa ń gbé sókè jù, àti pé iná tó yẹ kó tàn sójú ibi tó ń là ti yẹ̀ kúrò níbẹ̀ tipẹ́, kò sì fura. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni.

Ohun tí kóòṣì, ẹni téèyàn ń sanwó fún kó lè ran òun lọ́wọ́ láti tẹ̀ síwájú, ń tà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn kì í wá síbi iṣẹ́ ẹni bíi ti Osteen. Ìbéèrè ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìlànà kan wà tí John Whitmore, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti fi mọ́tò sáré ìje rí, kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1992: kí lẹ fẹ́, ibo lẹ dé báyìí, ọ̀nà wo ló ṣí sílẹ̀, èwo lẹ máa tọ̀? Ẹ̀yin lẹ máa dáhùn.

Nítorí náà, bí owó ìdókòwò ló wọ́n yín, kóòṣì kò ní í mú un wá. Bí ẹ kò bá mọ ìṣirò owó ọjà, ẹ lọ kọ́ ọ. Bí oorun kò bá kun yín, tí oúnjẹ kò wọ ọ̀fun, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe, tọ́dún ń gorí ọdún tí kò ṣe é, òun gan-an ni oníbàárà kóòṣì. Bẹ́ ẹ bá sì ní àgbà kan níbi iṣẹ́ tí kì í tan yín, ẹ tọ̀ ọ́ lọ ná, ọ̀fẹ́ ni.

Kò sófin tó ní kéèyàn gbàwé àṣẹ kó tó pe ara rẹ̀ ní kóòṣì, ní Nàìjíríà tàbí ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ International Coaching Federation, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995, máa ń fúnni níwèé ẹ̀rí: èyí tó kéré jù gba ẹ̀kọ́ wákàtí 60 àti iṣẹ́ wákàtí 100; èyí tó ga jù gba iṣẹ́ wákàtí 2,500. Ìwé náà fi hàn pé kóòṣì náà ti ṣiṣẹ́, kò fi hàn pé ẹ̀yin méjèèjì máa bára yín mu. Ẹ ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jọ sọ̀rọ̀ láìgbowó, kẹ́ ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jù. Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ wá ẹlòmíì. Ẹni tó bá ṣèlérí ọrọ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ sá fún un. Bó bá sì jẹ́ iléeṣẹ́ yín ló fẹ́ sanwó, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó lanu: èwo nínú ọ̀rọ̀ yín ló máa dé etí ọ̀gá?